Oṣù mẹ́ta rèé tí monad ti ń dà mí láàmú nínú Haskell, ẹ gbà mí o

Alákàrà_Kóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. JavaScript ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ní kí n kọ́ Haskell, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ń lọ dáadáa: list, recursion, pattern matching, mo ń gbádùn ẹ̀. Àfi bí mo ṣe dé ìdí monad. Àlàyé mẹ́tàdínlógún ni mo ti kà. Ọ̀kan ní àpótí ni. Ọ̀kan ní bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù kiri inú ilé iṣẹ́ ni. Òmíràn ní burrito ni, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan báyìí tí wọ́n ń wé. Tí mo bá ka ọ̀kan tán, á dà bíi pé ó ti yé mi. Tí mo bá ní kí n kọ kóòdù, ọwọ́ mi á kàn dúró sórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wo ohun tí mo kọ lánàá:

```haskell
main = do
  let oruko = getLine
  putStrLn ("E kaabo, " ++ oruko)
```

Compiler (ètò tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń túmọ̀ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà) ní òun ń retí [Char] (ọ̀rọ̀ lásán, òun náà ni String), IO String ni mo gbé fún òun. Báwo ni mo ṣe máa yọ String yẹn kúrò nínú IO? Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Compiler

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Jẹ́ ká kọ́kọ́ pa iná tó ń jó lọ́wọ́: yọ `let oruko = getLine`, kọ `oruko <- getLine` sípò ẹ̀. Ó tán. Ohun tí `let` ṣe ni pé ó fún getLine lórúkọ kejì, bí ìgbà tí a bá ní ọ̀gbẹ́ni kan náà ni a tún ń pè ní Bàbá Ìbejì. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọfà yẹn ló ń sọ pé: ṣe é, ohun tó bá mú wá, máa pè é ní oruko.

Ó wá ku ìbéèrè gidi. Àlàyé mẹ́tàdínlógún ti pọ̀ jù, má ka ìkejìdínlógún. Àwa tí a mọ monad lò, kì í ṣe àlàyé la fi mọ̀ ọ́n. Irú kóòdù kan la kọ, tí a tún kọ, títí tó fi sú wa. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá rí i pé ẹnì kan ti fún nǹkan tó sú wa yẹn lórúkọ. Jẹ́ kó kọ́kọ́ sú ìwọ náà.

Ká ní ìwọ lo ń tọ́jú ìwé àjọ. Oníbàárà dé, ó dárúkọ, o wo orúkọ nínú ìwé kan kí o lè rí nọ́ńbà káàdì ẹ̀. O fi nọ́ńbà náà wo iye tó ti dá nínú ìwé kejì. O wá fẹ́ yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún un. Ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè kùnà. Maybe la fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú Haskell: `Just` ni tí nǹkan bá wà, `Nothing` ni tí kò bá sí.

```haskell
import qualified Data.Map as Map

yoOwo :: Int -> Int -> Maybe Int
yoOwo iye owo
  | iye > owo = Nothing
  | otherwise = Just (owo - iye)

oseku :: String -> Maybe Int
oseku oruko =
  case Map.lookup oruko iweOruko of
    Nothing -> Nothing
    Just nomba ->
      case Map.lookup nomba iweAjo of
        Nothing -> Nothing
        Just owo -> yoOwo 5000 owo
```

Wo bó ṣe ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni tó mutí yó. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré nìyẹn o. Tó bá wá di mẹ́jọ ńkọ́? Tún un wò dáadáa. Ohun kan náà lo kọ lẹ́ẹ̀mejì: tí kò bá sí nǹkan, dúró, tí nǹkan bá wà, gbé e fún ìgbésẹ̀ tó kàn. Ó yá, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí o sì sọ ọ́ lórúkọ. Èmi pè é ní `leyin`:

```haskell
leyin :: Maybe a -> (a -> Maybe b) -> Maybe b
leyin Nothing  _ = Nothing
leyin (Just x) f = f x

oseku oruko =
  Map.lookup oruko iweOruko `leyin` \nomba ->
  Map.lookup nomba iweAjo   `leyin` \owo ->
  yoOwo 5000 owo
```

O ti kọ monad nìyẹn. `leyin` yìí ni Haskell ń pè ní `>>=`, `Just` sì ni `return` ti Maybe. Ṣí ghci (ibi tí a ti ń dán Haskell wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan), tẹ `:t (>>=)`, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ type `leyin` (irú ohun tó ń gbà àti irú èyí tó ń dá padà). Ibi tí ìwọ kọ Maybe sí, `m` ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé `m` gbọ́dọ̀ jẹ́ Monad. Ohun tó yàtọ̀ ò jùyẹn lọ.

`do` náà, aṣọ lásán ló wọ̀:

```haskell
oseku oruko = do
  nomba <- Map.lookup oruko iweOruko
  owo   <- Map.lookup nomba iweAjo
  yoOwo 5000 owo
```

Compiler á bọ́ aṣọ náà, á dá a padà sí `>>=` àti lambda (function tí kò lórúkọ). Ìwọ náà, máa fọwọ́ ara rẹ bọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo `do` tí o bá kọ, tún un kọ láìlo `do`.

Alákàrà_Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé torí kí `case` má baà pọ̀ ni gbogbo ariwo yìí?

Àgbà_Compiler

Fún Maybe, bẹ́ẹ̀ ni. Dúró ná.

Oníbàárà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ní kí ló dé tí ẹ ò fún òun lówó? Nothing ò lè dá a lóhùn. Bóyá orúkọ ẹ̀ ni kò sí, bóyá owó ẹ̀ ni kò tó, Nothing kan náà ni. Fi Either rọ́pò ẹ̀, `Left` á gbé ẹjọ́, `Right` á gbé èsì:

```haskell
wa :: Ord k => String -> k -> Map.Map k v -> Either String v
wa ejo k iwe = maybe (Left ejo) Right (Map.lookup k iwe)

oseku :: String -> Either String Int
oseku oruko = do
  nomba <- wa "Oruko yii ko si ninu iwe" oruko iweOruko
  owo   <- wa "Kaadi yii ko tii da owo"  nomba iweAjo
  yoOwo 5000 owo
```

(Ìwọ fúnra rẹ ni kó o tún `yoOwo` ṣe kó lè máa dá Left padà.) Wo ara `do` yẹn. Egungun ẹ̀ kò yí padà. Ìtumọ̀ "ìgbésẹ̀ tó kàn" ló yí padà lábẹ́ ẹ̀. Ní Maybe, ó túmọ̀ sí "tí nǹkan bá wà". Ní Either, "tí ẹjọ́ kankan ò bá tíì sí". Ní list, "fún ìkọ̀ọ̀kan wọn". Ní IO, "lẹ́yìn tí eléyìí bá ti ṣẹlẹ̀". Ibi tí ariwo náà ti wá nìyẹn.

Mọ́ínmọ́ín_Ẹlẹ́mìí_Méje

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ má bínú, ẹ ti le jù sí àfiwé. Ẹ jẹ́ ká fi burrito sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, àwa ní mọ́ínmọ́ín. Ewé ni monad, ohun tó wà nínú ewé ni ohun tí a fẹ́ lò. `return` ni kí o pọ́n nǹkan sínú ewé. `>>=` ni kí o tú ewé, kí o fi ohun inú ẹ̀ se nǹkan tuntun tí òun náà á jáde nínú ewé tiẹ̀. Ewé òfìfo, Nothing nìyẹn. Báyìí ló ṣe yé mi, kò sì tíì dójú tì mí.

Àǹtí_Manchester

Kò tíì dójú tì ọ́ torí Maybe lo ṣì ń fi í wò. Fi ewé rẹ ṣàlàyé getLine fún mi. Ẹni tó máa tẹ orúkọ ẹ̀ kò tíì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Inú ewé wo ni String wà?

IO String kì í ṣe mọ́ínmọ́ín nínú ewé. Bébà tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń se mọ́ínmọ́ín sí ni. O lè ní igba ẹ̀dà ẹ̀ nínú àpò, ebi á ṣì máa pa ọ́. Iṣẹ́ `>>=` ni kó so bébà méjì pọ̀: se ti àkọ́kọ́, wo ohun tó jáde, ìyẹn lo máa fi mọ bébà tó kàn. `main` wá ni bébà ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbé lọ sídìí ààrò. Ìdí nìyí tí ìbéèrè Alákàrà, "báwo ni mo ṣe máa yọ String kúrò nínú IO", kò fi ní ìdáhùn. A kì í yọ mọ́ínmọ́ín nínú bébà. Ohun tó yẹ kó béèrè ni: báwo ni mo ṣe máa kọ ìgbésẹ̀ tó kàn sí ìsàlẹ̀ bébà yìí?

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó wá dárúkọ unsafePerformIO, ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń fipá yọ nǹkan kúrò nínú IO. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kọ́kọ́ mọ ìrìn ná.)

Mọ́ínmọ́ín_Ẹlẹ́mìí_Méje

Àǹtí, ẹ ti bá mi wí, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, mọ́ínmọ́ín lẹ fi ṣàlàyé o 😂

Àǹtí_Manchester

😂 Ó dáa, mo gbà fún ọ. Àfiwé kan fún monad kan ò burú. Èyí tó máa gba gbogbo wọn ni mi ò tíì rí. Ewé gba Maybe, bébà gba IO. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ State (monad tó ń gbé nǹkan tó ń yí padà láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀), ìwọ á tún wá nǹkan mìíràn.

Àbíkẹ́yìn_JS

Alákàrà, iṣẹ́ kan náà ni èmi àtìwọ ń ṣe, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ ní èdè wa. O ti ń lo nǹkan tó jọ monad láti ọjọ́ yìí. Kì í ṣe Promise ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. `.then` máa ń tú Promise tó bá wà nínú Promise láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́, ó sì ń gba function tó dá Promise padà àti èyí tí kò dá a padà, bákan náà ló ṣe ń ṣe méjèèjì. Haskell máa ń fẹ́ kí o yàn: `fmap` ni àbí `>>=`?

Wo `flatMap` orí array, èyí tó wọ JavaScript ní 2019. `[1, 2].flatMap(x => [x, x * 10])` á fún ọ ní `[1, 10, 2, 20]`. Tó bá jẹ́ `map` lo lò, array nínú array lo máa rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín `map` àti `flatMap` yẹn gẹ́lẹ́ ló wà láàárín `fmap` àti `>>=`. Optional inú Java 8 ní `flatMap` tiẹ̀, Option ti Rust ní `and_then`. Wọn ò kàn pè é ní monad ni.

Gbìyànjú èyí nínú ghci:

```haskell
do { ounje <- ["amala", "iyan"]
   ; obe   <- ["ewedu", "egusi", "gbegiri"]
   ; return (ounje, obe) }
```

Kó o tó tẹ Enter, kọ iye tí o rò pé ó máa jáde sínú ìwé.

Alákàrà_Kóòdù

Mẹ́ta ni mo kọ. Mẹ́fà ló jáde 🙈 Mo ti rí i: fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó lọ yí gbogbo ọbẹ̀ ká.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, torí orúkọ yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Inú ìṣirò ló ti wá, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní category theory. Ní 1989, Eugenio Moggi fi hàn pé a lè fi monad ṣàpèjúwe oríṣiríṣi nǹkan tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ju ìṣirò lásán lọ: àṣìṣe, ìrántí tó ń yí padà, yíyàn láàárín ọ̀nà púpọ̀. Ohun tí Moggi ń wá ni bí a ṣe lè sọ ìtumọ̀ èdè kọ̀ǹpútà. Philip Wadler, tó wà ní Yunifásítì Glasgow nígbà náà, ló wá fi han àwọn tó ń kọ kóòdù pé ọgbọ́n kan náà lè ṣiṣẹ́ nínú kóòdù tiwọn.

Ìwé òfin Haskell àkọ́kọ́ jáde ní 1990 láìsí monad nínú ẹ̀. Ṣe ni ètò máa ń to ìbéèrè rẹ̀ sínú list, tí ìdáhùn náà á sì máa bọ̀ wá nínú list mìíràn. Ìyà gidi ni. Ìgbà tó di Haskell 1.3 ní 1996 ni IO tí a mọ̀ lónìí àti `do` tó wọlé. Nítorí náà, ó tó ọdún mẹ́fà kí ohun tó ń dà ọ́ láàmú yìí tó wọ ìwé òfin Haskell.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé monad jẹ́ monoid lásán nínú category àwọn endofunctor, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí o béèrè ọ̀nà ọjà ni, tí wọ́n wá fún ọ ní ìwọ̀n ìlà òòró àti ìlà ìbú.

Òfin mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ sí ìparí àlàyé, má fò wọ́n. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àkọ́kọ́: `return x >>= f` kò yàtọ̀ sí `f x`. Ìkejì: `m >>= return` kò yàtọ̀ sí `m`. Ìkẹta ló wúlò jù lẹ́nu iṣẹ́: tí `do` rẹ bá gùn, o lè gé ìlà mẹ́ta àárín ẹ̀ lọ sínú function mìíràn kí o sì pè é padà, ìtumọ̀ kò ní yí. Ẹ máa ń ṣe é lójoojúmọ́ láì béèrè bóyá ó tọ́. Òfin kẹta ló fún yín láyè.

Àǹtí_Manchester

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi Haskell ṣiṣẹ́ oṣù níbí, monad tí mo fọwọ́ ara mi ṣẹ̀dá kò tó márùn-ún. Lílò ló pọ̀. Nítorí náà, Alákàrà, àwọn ibi tí ẹsẹ̀ tèmi ti kọ rèé.

`return` kì í ṣe return ti JavaScript. Kò dá function dúró rárá. O lè kọ ọ́ sí àárín `do`, ìlà tó tẹ̀ lé e á ṣì ṣiṣẹ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi wá àṣìṣe kan torí ìyẹn. `pure` ni mo ń kọ báyìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, orúkọ ẹ̀ ò sì ń tan èèyàn jẹ.

`do` kan, monad kan. Tí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ IO, tí ìkejì jẹ́ Maybe, compiler á pariwo, òun ló sì jàre. Bí o bá wá ìrànlọ́wọ́ kiri, wọ́n á ní kí o lọ kọ́ monad transformer, tó ń pa monad méjì pọ̀. Má tíì lọ! Fi `case` tú Maybe yẹn nínú IO fún oṣù kan sí méjì. Ọjọ́ tí `case` náà bá sú ọ bí Àgbà ṣe wí, ọjọ́ yẹn ni MaybeT (transformer ti Maybe) máa dùn mọ́ ọ.

Tí o kò bá mọ ohun tó yẹ kó wà níbì kan, kọ `_` síbẹ̀. Compiler á sọ type ohun tó ń retí fún ọ. Nínú iṣẹ́ monad, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń tan iná sí ọ lẹ́sẹ̀. Bó o bá sì rí i pé gbogbo function rẹ ló ti ń di IO, dúró. Ìṣirò àjọ ò nílò IO. Ka ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ṣe ìṣirò nínú ilé láìsí IO, kí o sì tẹ èsì jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Alákàrà_Kóòdù

Mo ti padà dé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kí n jẹ́ kí State náà kọ́kọ́ sú mi. Mo fẹ́ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà:

```haskell
fiNomba :: String -> Int -> (String, Int)
fiNomba oruko n = (show n ++ ". " ++ oruko, n + 1)

meta a b c n0 =
  let (x, n1) = fiNomba a n0
      (y, n2) = fiNomba b n1
      (z, n3) = fiNomba c n1
  in ([x, y, z], n3)
```

Ẹ wo ìlà kẹta inú `let`. `n1` ni mo kọ níbi tó yẹ kí n kọ `n2`. Èèyàn méjì gba nọ́ńbà kan náà, compiler ò sì sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ló ti sú mi pátápátá 😩 Ni mo bá kọ `leyin` ti èyí náà:

```haskell
newtype Ka a = Ka (Int -> (a, Int))

leyinKa :: Ka a -> (a -> Ka b) -> Ka b
leyinKa (Ka f) g = Ka (\n ->
  let (a, n') = f n
      Ka h    = g a
  in h n')
```

Ó ṣiṣẹ́! `n` ń lọ lábẹ́lẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n kọ `instance Monad Ka`, compiler ní òun ò gbà àfi kí Applicative kọ́kọ́ wà.

Àgbà_Compiler

O káre láéláé! Àṣìṣe `n1` yẹn tó àlàyé mẹ́tàdínlógún.

Láti GHC 7.10 (compiler Haskell), ní 2015, ni Applicative ti di dandan fún gbogbo Monad, òun náà sì ń béèrè Functor. Functor ni ohun tó ní `fmap`; Applicative fi `pure` àti síso ìgbésẹ̀ tí kò wo ara wọn pọ̀ kún un. Àwọn àlàyé àtijọ́ tí o kà lè máà mẹ́nu bà á. Yá méjèèjì láti ara `>>=`:

```haskell
import Control.Monad (ap, liftM)

instance Functor Ka where
  fmap = liftM
instance Applicative Ka where
  pure x = Ka (\n -> (x, n))
  (<*>)  = ap
instance Monad Ka where
  (>>=) = leyinKa
```

Alákàrà_Kóòdù

Ó ti wọlé! Ẹ wo `meta` tuntun:

```haskell
nomba :: String -> Ka String
nomba oruko = Ka (fiNomba oruko)

meta a b c = do
  x <- nomba a
  y <- nomba b
  z <- nomba c
  return [x, y, z]
```

Àgbà_Compiler

Ó dáa. Wò ó báyìí: ṣé ìgbésẹ̀ kejì wo `x` kó tó mọ ohun tó máa ṣe? Ṣé ìkẹta wo `y`? Kò sí èyí tó wo ẹnì kejì ẹ̀, Applicative nìkan ti tó fún iṣẹ́ yìí. Pa odidi `do` yẹn rẹ́, kọ `traverse nomba [a, b, c]` sípò ẹ̀: ó ń ṣe `nomba` fún ìkọ̀ọ̀kan inú list, ó sì ń kó èsì wọn jọ.

Alákàrà_Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n!!! Mo ti fi odidi ìwé àjọ ìyá mi dán an wò, orúkọ mẹ́tàlélógójì. Nọ́ńbà kankan ò ṣe méjì.